Ajá Tí Ó Ṣàìsàn, àti Owó Tí A Kò Rò Tẹ́lẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ bá rí àkọlé ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ó wí pé, "Nínú gbogbo ohun tí ó ń yọ àgbẹ̀ lẹ́nu, ajá ni tíṣà rí kọ̀wé lé lórí!" Èmi kò bá yín jà. Èmi pàápàá ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí, kí n tó fi oṣù méje san gbèsè lórí ajá tí ó ti wà nínú ilẹ̀.

Bí ọ̀ràn náà ti rí nìyí. Mo ní ajá kan ní Tẹ̀dé níhìn-ín, tí mo ń pè ní Tanímọ̀la. Ẹ mọ̀ bí àwa Yorùbá ti máa ń fi orúkọ ajá pa òwe fún aládùúgbò. Ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ sọ ajá náà bẹ́ẹ̀ ti kó kúrò ní àdúgbò wa tipẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ kù sára ajá. Ọdún mọ́kànlá ni ó bá mi gbé. Òun ni ó ń ṣọ́ iṣu nínú abà, òun ni ó ń lé ọ̀bọ kúrò nínú oko àgbàdo, òun náà ni ó sì ń sin àwọn ọmọ mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ní òròòwúrọ̀ kí ó tó padà sílé. Nígbà tí ó di ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan, ó kọ oúnjẹ. Ní ọjọ́ kejì kò lè dìde. Ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí omi osùn, nígbà tí mo sì gbé ètè rẹ̀ sókè, mo rí i pé èrìgì rẹ̀ ti funfun bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Ẹ̀rù bà mí, ẹni tí ẹ̀rù sì ń bà kì í béèrè iye owó. Mo gbé ajá sínú apẹ̀rẹ̀, mo so ó mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, mo gba Àgọ́-Àrẹ kọjá, ó di Ṣakí. Oníṣègùn ẹran tí mo bá níbẹ̀ (èmi kò ní dárúkọ rẹ̀, ènìyàn rere ni, ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe tirẹ̀) gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ajá, ó wò ó nínú ẹ̀rọ awò, ó sì sọ fún mi pé kòkòrò kan tí eégbọn máa ń gbé wọ ara ajá ni ó ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ó fi kún un pé ajá náà ti darúgbó, pé kíndìnrín rẹ̀ pẹ̀lú kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ojú rẹ̀ fẹ́ sọ nǹkan kan tí ẹnu rẹ̀ kò tíì sọ, èmi náà kò sì jẹ́ kí ó sọ ọ́. Mo wí pé, "Dókítà, ẹ ṣe ohun gbogbo tí ẹ bá lè ṣe." Gbólóhùn yẹn ni ó gbówó lọ́wọ́ mi. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, abẹ́rẹ́, omi tí a fà sí iṣan, oògùn ẹ̀jẹ̀, ìtọ́jú ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ rẹ̀, àti owó ọ̀nà tèmi ní àlọ àti àbọ̀. Nígbà tí ó fi ìwé owó lé mi lọ́wọ́, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo rò pé òdo kan ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Èmi kò ní kọ iye náà síhìn-ín: owó náírà àná kì í ṣe ti òní, ìwé yìí yóò sì wà lára ògiri yín títí ọdún yóò fi parí. Ṣùgbọ́n ó ju iye tí a lè fi ra ajá mẹ́fà bí irú rẹ̀ lọ. Owó ìdánwò àṣekágbá ọmọbìnrin mi sì wà nínú àpótí nílé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá wọn, níbo lẹ ó ti mú owó yìí?" Mo ní n kò ní fọwọ́ kan owó ọmọ. Ọ̀dọ̀ olówó èlé ni mo lọ. Ajá kú ní ọjọ́ kẹfà. Gbèsè kò kú. Mo san nínú owó iṣu, mo san nínú owó ẹ̀gúsí, mo san nínú owó kaṣú tí ó yẹ kí n fi tún òrùlé ṣe. Ní oṣù kẹta, nígbà tí èlé fẹ́ gun orí owó, mo ṣí àpótí náà. Ohun tí mo sọ fún ìyá àwọn ọmọ mi ní alẹ́ ọjọ́ kìíní di irọ́. Ọ̀la ni ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò yóò parí kí n tó rí owó náà dá padà, ọmọ náà kò sì bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ju "Ẹ káàárọ̀" àti "Ẹ káalẹ́" lọ.

Àwọn kan nínú ìjọ wá bá mi. Wọ́n ní ìyà ẹni tí ó sọ ajá di ènìyàn ni mo jẹ, pé ajá lásán ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà, n kò sì gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ajá kan náà tí a ń pè ní lásán ní ọ̀sán, òun ni a ń gbọ́kàn lé ní òru nígbà tí olè bá ń rìn kiri. Ẹni tí ó bá sì rántí ìtàn tí wòlíì Nátánì pa fún ọba, nípa tálákà kan àti abo ọ̀dọ́ àgùntàn rẹ̀, yóò mọ̀ pé fífẹ́ràn ẹran kì í ṣe òmùgọ̀ ènìyàn. Àṣìṣe mi kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ajá mi. Àṣìṣe mi ni pé fún ọdún mọ́kànlá, n kò fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀ dè é.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò nìyí. Iye tí a fi ra ẹran kọ́ ni iye ẹran. Ẹni tí ó ra ajá lọ́jà, tàbí tí a fi ọmọ ajá ta lọ́rẹ, tàbí tí ó sin ewúrẹ́ mẹ́ta, owó tí ó san kò tíì pé. Ìyókù ń bọ̀ ní ọjọ́ tí kò mọ̀. Bí a bá ra alùpùpù, a mọ̀ pé táyà rẹ̀ yóò jẹ. Kò sí ẹni tí ó ń pe táyà ní àjálù. Ṣùgbọ́n bí ẹran tí ó ní ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀mí bá dùbúlẹ̀ àìsàn, a ó ké pé owó òjijì dé. Kì í ṣe òjijì. Ọjọ́ rẹ̀ nìkan ni a kò mọ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ pa ìtìjú tì. Láàárín wa, ẹni tí ó bá béèrè iye owó níwájú oníṣègùn a máa rò pé òun fi ahun hàn, bí ẹni pé ó ń yọwó ìfẹ́. Mo ti rí i pé òdì kejì rẹ̀ ni òtítọ́. Ẹ béèrè kí abẹ́rẹ́ kìíní tó wọlé: kí ni ó ń ṣe ẹran yìí? Bí a bá tọ́jú rẹ̀, yóò ha yè, tàbí yóò kàn pẹ́ díẹ̀ ni? Èló ni gbogbo rẹ̀ títí dé òpin, kì í ṣe ti òní nìkan? Ọ̀nà mìíràn ha wà tí owó rẹ̀ kéré, tí ó sì ṣì jẹ́ ìtọ́jú? Oníṣègùn tòótọ́ kò ní bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo bá ní Ṣakí sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí mo bá ti béèrè ni, òun ì bá sọ fún mi pé ajá náà kò lè kọjá ọ̀sẹ̀ yẹn. Òun náà ń bẹ̀rù pé n ó rò pé òun kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni. Báyìí ni ìtìjú àwa méjèèjì ṣe jẹ owó oṣù méje.

Àwọn baba wa ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan kò ní dùn sí ohun tí n ó sọ yìí, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́. Bí ẹran bá dé ibi tí oògùn kò lè mú un padà, kì í ṣe ìkà láti jẹ́ kí oníṣègùn fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú un sùn lọ láìjìyà. Tanímọ̀la fi ọjọ́ mẹ́rin dùbúlẹ̀ nínú ìtọ̀ ara rẹ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ nínú iṣan ẹsẹ̀, nítorí pé èmi kò lè gbọ́ òtítọ́. Mo rò pé àánú ni mo ń ṣe.

Ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sá fún owó oníṣègùn, tí ó sì burú ju gbèsè lọ. Ọkùnrin kan a gbé àpò rìn láti ilé dé ilé, ìgò kan nínú àpò náà, a máa gún ajá àti ewúrẹ́ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, kò sì ní lè sọ orúkọ ohun tí ó wà nínú ìgò. Àwọn mìíràn a fún ẹran ní oògùn ènìyàn tí ó ṣẹ́kù nínú ilé. Ẹ ṣọ́ra: parasitamọ́ọ̀lù tí ó ń mú orí fífọ́ yín lọ lè pa ológbò, horo kan péré sì lè tó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń fi ọ́ìlì mọ́tò tí a ti lò kun ajá tí irun rẹ̀ ń re. Ajá a máa lá ara rẹ̀. Ohun tí ó wà lára rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Owó tí a rò pé a fi bẹ́ẹ̀ pamọ́, a ó tún mú un jáde.

Ṣùgbọ́n owó kékeré kan wà tí ó lè pa owó ńlá mọ́ kúrò lọ́nà. Eégbọn tí ó pa ajá mi, ojú ni a fi ń rí i, ọwọ́ ni a sì fi ń já a. Bí ọmọ kan nínú ilé bá ń yẹ etí ajá àti àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń sọ ohun tí ó já sínú omi ọṣẹ, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Fún ewúrẹ́ àti àgùntàn, abẹ́rẹ́ káta wà. Ẹ mọ káta: ikun yóò dí imú ẹran, ojú rẹ̀ yóò kún fún ìpin, egbò yóò mú ẹnu rẹ̀, yóò máa ṣu gbuuru, agbo kan a sì ṣófo láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán. Kòkòrò àrùn tí a sọ di aláìlágbára láti fi ṣe abẹ́rẹ́ náà, Nàìjíríà níhìn-ín ni a ti rí i ní 1975, orúkọ orílẹ̀-èdè wa sì wà lára rẹ̀ títí di òní, níbi gbogbo tí a ti ń lò ó. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tí ó wà ní Vom ní Ìpínlẹ̀ Plateau, tí a dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe é, wọ́n sì ń ṣe ti lùkúlùkú adìẹ pẹ̀lú, èyí tí a ń kán sí adìẹ lójú. Ó dùn mí pé orílẹ̀-èdè mìíràn ń fi ohun tí a rí lọ́dọ̀ wa gba agbo wọn là, tí àwa sì ń sin òkú ewúrẹ́ ní Òkè-Ògùn.

Èyí tí mo fẹ́ dúró lé lórí jù ni dìgbòlugi. Owó oníṣègùn ẹran tí ẹnìkan kọ̀ láti san lè di owó oníṣègùn ènìyàn, ó sì lè di pósí. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún ní ayé, tí púpọ̀ nínú wọn wà ní Áfíríkà àti Éṣíà, bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá sì jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó kó o, ajá ni ó kó o ran bí 99. Nígbà tí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, tí ó ń sá fún omi, kò sí oògùn mọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó hàn, ọ̀nà wà, ó sì ti wà láti 6 Oṣù Keje, 1885, nígbà tí Louis Pasteur ní Paris mú kí a gún Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ajá bù jẹ, ní abẹ́rẹ́ tí òun ṣe, ọmọ náà sì yè.

Bí ajá bá bu ọmọ yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn wẹ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe fi ata tàbí epo sí i. Abẹ́rẹ́ tí wọn yóò gún ọmọ náà kì í ṣe ẹyọ kan; a ó máa padà lọ léraléra fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, owó rẹ̀ kò sì kéré, pàápàá fún ẹni tí yóò máa san owó ọkọ̀ láti abà. Ajá ní tirẹ̀, nígbà tí ó bá ti pé oṣù mẹ́ta, abẹ́rẹ́ kan lọ́dún ni. Owó tí bàbá kan ná sórí ọmọ kan tí ajá bù jẹ ì bá ti tó fún abẹ́rẹ́ gbogbo ajá agbo ilé rẹ̀. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí sì sọ pé bí 70 nínú 100 ajá ìlú kan bá ti gba abẹ́rẹ́, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà gbà mọ́. Ẹ kò ha rí i pé ajá aládùúgbò yín di ọ̀ràn tiyín?

Ibí yìí ni mo ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo kò lè dá ẹrù yìí rù. Àrùn màlúù ńlá nì, tí àwọn òyìnbó ń pè ní rinderpest, tí ó fi egungun bo ilẹ̀ Áfíríkà ní nǹkan bí 1890, tí ó sì tún pa agbo àwọn darandaran Nàìjíríà rẹpẹtẹ ní 1983, a kéde ní 2011 pé ó ti tán pátápátá láyé. Àwọn orílẹ̀-èdè pa owó àti iṣẹ́ pọ̀ ni, wọ́n gún màlúù olówó àti ti tálákà pọ̀. Ní London, ní 1917, nígbà tí ogun ṣì ń jà, obìnrin kan tí ń jẹ́ Maria Dickin rí i bí ẹran àwọn òtòṣì ti ń jìyà nítorí pé olúwa wọn kò lówó oníṣègùn. Ó ṣí iyàrá kan lábẹ́ ilé ní Whitechapel, ó sì ń tọ́jú wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ náà ṣì ń lọ títí di òní. Nàìjíríà pẹ̀lú ti dá ètò adójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ láti 1987, fún irè oko àti ẹran ọ̀sìn. Ẹni tí ó bá ní màlúù tàbí adìẹ púpọ̀ kí ó lọ béèrè rẹ̀. Àwa tí a ní ajá kan àti ewúrẹ́ mẹ́rin, ọwọ́ ara wa ni a ó fi tún ìwà ara wa ṣe.

Lẹ́yìn tí mo san gbèsè mi tán, àwa mẹ́sàn-án kan ní Tẹ̀dé bẹ̀rẹ̀ àjọ kan tí ó yàtọ̀ sí àjọ ọjà: ọdẹ mẹ́ta, obìnrin mẹ́rin tí ń sin ewúrẹ́, bàbá àgbàlagbà kan, àti èmi. Ohun tí a ń dá kò tó owó ẹ̀kọ àárọ̀ ènìyàn kan. A kò ń pín in lópin oṣù. Ẹran tí ó bá ṣàìsàn ni ó ń kó o, a sì ti fi òpin sí iye tí ẹran kan lè kó. Ìyá oníṣòwò irú kan ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Ní ọdún kìíní, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yá òun nínú owó náà fún ìsọmọlórúkọ. Ìyá náà bi í pé, "Ọmọ tí ẹ bí yìí, ṣé ẹran ni?" Ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀rín ní gbogbo àdúgbò, kò sì sí ẹni tí ó tún béèrè bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé àjọ náà sọ ìtọ́jú di ohun tí kò wọ́n. Nígbà tí ẹnìkan bá ń pe oníṣègùn láti Ṣakí, òun nìkan ni ó ń san owó ọ̀nà rẹ̀. Nísinsìnyí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni a ń pè é, lẹ́yìn ìkórè àgbàdo. Àwọn tí kò sí nínú àjọ náà a mú ẹran wọn wá, wọ́n a sì san owó tiwọn. Abẹ́ igi máńgòrò ni ó ń jókòó sí. Ní ọdún tí ó kọjá, ajá tí ó gún lé ní ọgbọ̀n, owó ọ̀nà tí ó kan ajá kọ̀ọ̀kan kò sì tó ohun tí à ń sọ. Àjọ náà kò lówó púpọ̀. Ní ọdún kan, ewúrẹ́ méjì àti ajá ọdẹ kan ṣàìsàn ní oṣù kan náà, owó sì tán. A jókòó, a sì sọ fún ẹni tí ó ni ewúrẹ́ kejì pé kò sí. Ó dùn wá. Ṣùgbọ́n kò lọ sọ́dọ̀ olówó èlé.

Ajá mìíràn wà nílé mi báyìí. Ọmọbìnrin mi, tí ó ti ṣe ìdánwò rẹ̀ yege, ni ó bẹ̀bẹ̀ pé kí n jẹ́ kí òun sọ ọ́ lórúkọ, mo sì gbà láìfura. Ó sọ ọ́ ní Èlóni. Bí mo bá ń pè é lójú ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, àwọn aládùúgbò a máa dá mi lóhùn pẹ̀lú oríṣiríṣi iye. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ ti ọdún yìí, ó ti gbà á. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ògiri, lábẹ́ ìṣó kan náà tí mo fi kọ́ ìwé yìí.